Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Sólà Tí Òǹkà Rẹ̀ Lọ Sílẹ̀ Lọ́jọ́ Tí Oòrùn Mú

Ìbéèrè láti Òde-Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ mi da owó jọ, wọ́n sì gbé sólà sórí ilé fún mi: páńẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 400 wáàtì, bátìrì líthíọ́ọ̀mù kan tó ń gba yúníìtì 5, àti ìńfátà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tàn án ni mo ti ń kọ iye iná tó ń wọlé sínú ìwé ní alaalẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sàmì sí rẹ́jísítà nílé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kejì àti ìkẹta ọdún yìí, yúníìtì 8 sí 9 ni mo máa ń rí lójúmọ́. Láti oṣù kẹfà, ó di 6, ó di 5, nígbà mìíràn kò ju 4 lọ. Oníṣẹ́ tó bá wa so ó wá wò ó, ó ní páńẹ́ẹ̀lì ti ń gbó, kí n ra méjì kún un. Ohun tó rú mi lójú jù ni pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹjọ, oòrùn ràn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ 4.3 péré ni mo kọ; ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan náà, ìkùukùu ń bo ojú ọ̀run, ó ń ṣí, ó tún ń bò ó, mo sì kọ 6.4. Báwo ni ọjọ́ tí oòrùn kò mú ṣe lè mú iná wá ju ọjọ́ tí oòrùn mú lọ? Ṣé kí n ra páńẹ́ẹ̀lì méjì náà?

Ìdáhùn

Màmá, a kí yín, a sì dúpẹ́ fún ojú ewé ìwé yín tí ẹ yà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra páńẹ́ẹ̀lì kankan. Òǹkà ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti Ọjọ́bọ̀ yẹn kò jọ ti páńẹ́ẹ̀lì tó ṣàárẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè yé ènìyàn, ohun kan wà tí kò sí nínú ìwé náà, èyí tí a ní láti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ yín: kí ni ilé ṣe ní ọjọ́ méjèèjì? Ẹ dá wa lóhùn pé ìsìnkú gbé yín lọ sí Ìpẹ̀rù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti aago méje òwúrọ̀, ẹ kò sì padà títí ilẹ̀ fi ṣú, tó fi jẹ́ pé fìríìjì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nílé. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ fa omi sí tánkì, ẹ lọ aṣọ, ọmọ ọmọ yín sì lo ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

Ẹ wo àgbá tí à ń gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ nígbà òjò. Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, tí àgbá sì kún láàárín ogójì ìṣẹ́jú, omi tó wà nínú àgbá kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bí òjò náà ti pọ̀ tó. Ìwọ̀nba tí àgbá gbà ló lè sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sólà tí kì í ta iná padà sórí wáyà ìjọba, irú èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa ní Ìjẹ̀bú àti ní Rẹ́mọ. Ibi méjì péré ni iná tí páńẹ́ẹ̀lì mú wá ní láti lọ: yálà kí ilé lò ó lójú ẹsẹ̀, tàbí kó wọ inú bátìrì. Bí bátìrì bá kún ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, tí fìríìjì kan ṣoṣo sì ń fa bí 100 wáàtì, ìwọ̀nba 100 wáàtì náà àti díẹ̀ tí ìńfátà ń jẹ fún ara rẹ̀ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ páńẹ́ẹ̀lì, bí oòrùn tilẹ̀ ń jó ewé lójú. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìńfátà mọ̀ọ́mọ̀ dín ohun tó ń gbà kù ni, kí bátìrì má baà gbà ju agbára rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, òǹkà tí ẹ ń kọ ní alẹ́ kì í ṣe iye tí oòrùn fún yín. Iye tí ilé yín rí gbà ni. Àwa tí a dàgbà sáàárín àwọn alájọ mọ èyí dáadáa: káàdì alájọ ń fi iye tí oníṣòwò dá hàn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi káàdì nìkan mọ bí ọjà ti tà sí yóò ṣìnà, nítorí ọjà lè tà gan-an lọ́jọ́ tí oníṣòwò kò dá kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá ra páńẹ́ẹ̀lì méjì kún mẹ́fà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní irú ọjọ́ Ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀? Bátìrì yóò kún ní nǹkan bí aago mẹ́wàá dípò mọ́kànlá, páńẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ yóò sì jókòó láìríṣẹ́ ṣe ní ibi tí mẹ́fà ti jókòó tẹ́lẹ̀. Òǹkà alẹ́ yóò ṣì wà ní 4.3 tàbí bí ẹni pé ó kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Owó yín yóò sì ti lọ. Èyí ló mú kí a kọ ìdáhùn yìí gùn ju bí a ṣe máa ń kọ ọ́ lọ, nítorí lẹ́tà tó jọ tiyín ń pọ̀ sí i lórí tábìlì wa, ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ wọ́n ló sì ti ra páńẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó béèrè.

Ní ti pé páńẹ́ẹ̀lì ń gbó, òótọ́ ni pé ó ń gbó, ṣùgbọ́n ó ń gbó díẹ̀díẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì tó dára máa ń pàdánù nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé lẹ́yìn ọdún 25 yóò ṣì máa mú ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń mú wá nígbà tó jẹ́ tuntun. Ohun tó bá ti yúníìtì 8 bọ́ sí 5 láàárín oṣù mẹ́rin kì í ṣe ogbó.

Àsìkò náà ní ipa tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Ní ilẹ̀ Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì, iná sólà máa ń lọ sílẹ̀ nígbà òtútù nítorí pé ojúmọ́ kúrú gan-an. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú wà nítòsí ìlà 7 sí àríwá agbedeméjì ayé, nítorí náà ojúmọ́ tó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Ìkùukùu ló ń dín tiwa kù, ó sì ń nípọn jù láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án. Kódà ní oṣù kẹjọ tí òjò máa ń dá díẹ̀, ojú ọ̀run kì í sábà mọ́. Nítorí náà, kí ẹ bọ́ láti 8 sí 6 ní àsìkò yìí kò ní ìyanu nínú. Láti 6 sí 4 ló gba ìbéèrè, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ọmọ kò sí nílé ni a sì kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ tún ní láti wo ohun kan tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí iná NẸ́PÀ bá dé lóru, tí a sì ti ṣètò ìńfátà pé kó máa fi ṣájì bátìrì, bátìrì yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kí oòrùn tó yọ, oòrùn yóò sì dé bá àgbá tó kún. Ẹ ó san owó iná òru, ẹ ó sì pàdánù iná ọ̀sán tí ẹ kò san kọ́bọ̀ lé lórí. Nínú ètò ìńfátà, ibì kan wà tí a ti ń sọ fún un ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba ṣájì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí oníṣẹ́ fi sólà ṣáájú, kí NẸ́PÀ sì wọlé kìkì nígbà tí bátìrì bá lọ sílẹ̀ gan-an. Ìwé yín fi hàn pé àwọn ọjọ́ kan wà ní oṣù keje tí òǹkà yín wà ní 3 sí 4 tí ẹ sì kọ “iná wà lóru” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ láìmọ̀ pé òun gan-an ni ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a fi sùúrù kọ ṣe máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́.

Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ̀ dájú bóyá páńẹ́ẹ̀lì yín lera, òǹkà ọjọ́ kan kò lè sọ ọ́. Òǹkà ìṣẹ́jú kan ló lè sọ ọ́. Ẹ mú ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, kí bátìrì má tíì ju ìdajì lọ. Ẹ dúró di aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú tàbí àádọ́ta, nítorí ìgbà yẹn ni oòrùn wà ní góńgó lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe aago méjìlá géérégé: aago tí à ń lò ní Nàìjíríà bá ìlà 15 ní ìlà-oòrùn mu, Rẹ́mọ sì wà nítòsí ìlà 4. Ẹ tan pọ́ǹpù omi àti áyọ́ọ̀nù, bí ìńfátà yín bá lè gbé wọn pọ̀, kí ẹ sì wo iye wáàtì tó ń ti páńẹ́ẹ̀lì wọlé lójú ìńfátà. Páńẹ́ẹ̀lì yín jẹ́ 2,400 wáàtì lórí ìwé, ṣùgbọ́n inú yàrá ìdánwò ni a ti wọn iye yẹn, níbi tí ara páńẹ́ẹ̀lì ti wà ní ìwọ̀n 25 Celsius. Lórí páànù wa ní ọ̀sán, ara rẹ̀ a máa gbóná tó 60, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá sì fi lé ní 25 ń mú nǹkan bí ìdá mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 1,700 sí 2,000, ara páńẹ́ẹ̀lì yín le. Bí kò bá tó 1,500 nígbà tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí pé, ẹ pe oníṣẹ́ mìíràn kó wo wáyà àti ìsopọ̀ wọn, nítorí ìsopọ̀ tí kò le dáadáa lè fa irú èyí.

Ní ti ìwé yín, ẹ má dá a dúró. Ẹ kàn fi nǹkan mẹ́ta kún òǹkà alẹ́: bí ojú ọ̀run ṣe rí, aago tí bátìrì kún, àti iṣẹ́ ńlá tí ilé ṣe. “Kún ní 11.20, kò sí ẹnikẹ́ni nílé” yóò là yín lójú ju 4.3 nìkan lọ. Bí ẹ bá sì rí i pé bátìrì ń kún ṣáájú ọ̀sán lọ́pọ̀ ọjọ́, ẹ sún iṣẹ́ sí àárín aago mọ́kànlá sí mẹ́ta. Ẹ fa omi kún tánkì ní wákàtí yẹn, ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀. Omi tó wà lókè nínú tánkì, iná oòrùn ni, a kàn fi pa mọ́ síbẹ̀ ni, kò sì ná yín ní bátìrì tuntun.

Ìbéèrè láti Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹja dídì ni mò ń tà. Fóònù ni wọ́n so sólà mi mọ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì ń ṣófo lójú fóònù. Nígbà mìíràn, òǹkà ọjọ́ máa ń padà sí òdo ní ọ̀sán gangan. Mo fẹ́ mọ iye tí sólà ń pa fún mi lóṣù. Ṣé kí n ra dátà tó pọ̀ sí i?

Ìdáhùn

Ẹ má ra dátà nítorí èyí. Ìńfátà fúnra rẹ̀ ló ń ka iná, kì í ṣe fóònù. Ohun tí ìńfátà bá rán jáde ni fóònù ń fi hàn. Ẹ wá òǹkà àpapọ̀ lójú ìńfátà, èyí tó ti ń kà láti ọjọ́ tí wọ́n ti tàn án, tí kì í sì í padà sí òdo. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù yìí, ẹ tún kọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, bí a ti ń ṣe fún mítà àtijọ́. Ọjọ́ tó ṣófo lójú fóònù kò lè dí ìṣirò yìí lọ́wọ́.

Ní ti òǹkà tó ń padà sí òdo lọ́sàn-án, aago inú ìńfátà ni kò tọ̀nà. Ọ̀gànjọ́ òru ni ó yẹ kó máa bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tuntun, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá yí aago rẹ̀ sí ti Nàìjíríà nígbà tí wọ́n so ó, ọ̀gànjọ́ rẹ̀ lè bọ́ sí ọ̀sán wa, tí yóò sì máa gé ọjọ́ kan sí méjì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni láti tún un ṣe.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣírò owó, ẹ má fi iye tí páńẹ́ẹ̀lì mú wá ṣe é. Iye tí ìsọ̀ yín lò láti ara rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ìńfátà tó ń jẹ 50 wáàtì fún ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru ti gba yúníìtì 1.2 lójúmọ́ kí fìrísà tó fọwọ́ kan ohunkóhun, àwọn bátìrì olómi sì máa ń pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí a rọ sínú wọn. Ní ti iye owó yúníìtì kan, ẹ pín owó tí ẹ fi ra iná gbẹ̀yìn sí iye yúníìtì tí wọ́n fún yín. Iye tí wọ́n kéde kì í dúró sójú kan: ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé e sí ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n tún yí i padà. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni sólà gbapò rẹ̀ ní ìsọ̀ yín, owó epo tí ẹ kò rà mọ́ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, torí òun gan-an ni èrè yín.

Ìbéèrè láti Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Aládùúgbò mi kọ́ ilé alájà méjì sí ìhà àríwá ilé mi ní oṣù kọkànlá. Kò dí sólà mi lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ni òǹkà mi ti lọ sílẹ̀. Ṣé ilé náà ni, àbí ìkùukùu?

Ìdáhùn

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì, ọ̀nà sì wà láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ọ̀sán máa ń yẹ̀ sí gúúsù lọ́dọ̀ wa, nítorí náà òjìji ilé aládùúgbò yín ń bọ́ sí ẹ̀yìn ilé òun fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán ń gba ìhà àríwá kọjá lórí wa. Ní ìparí oṣù kẹfà, ó ń yẹ̀ tó ìwọ̀n 16 tàbí 17. Ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn kò ga, ilé tó wà ní àríwá lè ju òjìji gígùn sórí òrùlé yín.

Ẹ mú ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́, kí ẹ máa kọ iye wáàtì sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kí bátìrì má tíì kún. Ẹ tún ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Òjìji ilé máa ń dé ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Ìkùukùu kì í dá àkókò. Bí òǹkà bá ń já lulẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án lọ́jọ́ méjèèjì tó sì gbérí ní aago mẹ́wàá, ẹ gun òkè ní wákàtí yẹn, ẹ ó rí páńẹ́ẹ̀lì tí òjìji bọ̀. Kò gbọ́dọ̀ yà yín lẹ́nu bí ó bá jẹ́ ọ̀kan péré, nítorí a máa ń so wọ́n tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan, èyí tí òjìji bá bò sì lè fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Gbígbé páńẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì kúrò níbẹ̀ sí ìhà gúúsù òrùlé sábà máa ń tó, kò sì sí ìdí láti bá aládùúgbò jà.

Ìbéèrè láti Ṣágámù

Ẹ̀bá ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà ni ilé wa wà. Báwo ni n ó ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí n fọ páńẹ́ẹ̀lì?

Ìdáhùn

Ìwé yín ni yóò sọ fún yín. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ kọ iye wáàtì ọ̀sán lọ́jọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́, ẹ fọ páńẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ tó jọ ọ́. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè; bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún òjò. Kí ẹ fi sọ́kàn pé nígbà ọyẹ́, eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń dín oòrùn kù, èyí kò sì sí fífọ̀ tó lè mú un kúrò. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ fọ̀ ọ́, nígbà tí gíláàsì ṣì tutù, nítorí omi tútù lórí gíláàsì tó ti gbóná lè mú kó sán. Omi àti àkísà rírọ̀ ti tó. Ẹ má lo iyanrìn tàbí kànìnkànìn líle, ẹ má sì tẹ orí páńẹ́ẹ̀lì. Kí ẹ sì kọ “a fọ̀ ọ́” sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà ọjọ́ náà.